Akọrin Tó Bojú Wẹ̀yìn

Òórùn gym ilé ìwé yẹn ò tíì kúrò nímú mi: bàtà snow tó rin gbingbin, jákẹ́ẹ̀tì tútù tí wọ́n dà lé ara wọn lórí àga, gúgúrú tí àwọn òbí ń tà lẹ́nu ọ̀nà, àti rọ́bà ilẹ̀ tí àwọn ọmọ ń sáré lé lórí. Tó o bá ti gbé ní àdúgbò Redstone ní Calgary rí nínú oṣù kejì ọdún, o mọ òórùn tí mò ń wí. Èmi ò lè gbọ́ ọ kí inú má bí mi. Ọ̀pọ̀ nǹkan ti kọjá láti ìgbà náà, ọmọ mi ti ga jù mí lọ, síbẹ̀ tí mo bá wọ inú gym láti wo bó ṣe ń gbá volleyball, ṣe ni apá ọ̀tún mi á kọ́kọ́ le gan-an, bíi pé ó fẹ́ já ọwọ́ ẹnìkan kúrò lára ẹlòmíràn. Ọkọ mi mọ̀. Ó máa ń fi àga kan sílẹ̀ láàárín èmi àtòun títí ara mi á fi wálẹ̀.

Kí n tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, jẹ́ kí n sọ irú ènìyàn tí ìyá mi jẹ́. Nílé wa ní Abẹ́òkúta, kò sẹ́ni tí aago ń jí. Ohùn ìyá mi ló ń jí wa. Láti ìdí ààrò ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í pe oríkì wa, èmi Àbẹ̀ní, àbúrò mi obìnrin Àdùkẹ́, kò sì ní sinmi títí ẹni tó ń pè á fi dáhùn. Tó o bá ń sun àsùnjù, á fi ti bàbá rẹ kún un, á fi ti bàbá bàbá rẹ kún un, á máa kì ọ́ lọ títí ojú á fi tì ọ́ lórí ẹní. Kò sí ìwà tó burú lójú rẹ̀ tó kí wọ́n pe ọmọ kó má jẹ́. Ọmọ tó ṣẹ̀, tó sá pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, "Mà!" á ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó rántí pé òun ń sá pamọ́. Nígbà tí mo bí ọmọ mi sí Calgary níbí, orí fóònù ni ìyá mi ti sọ ọ́ ní Àṣàkẹ́, gbogbo Sátidé ló sì ń pè é sí i létí. Ọmọ náà ń gbọ́ Yorùbá díẹ̀, kò kàn lè sọ ọ́, àmọ́ tó bá ti gbọ́ Àṣàkẹ́, orí rẹ̀ á yí, á sì dáhùn. Ohun kan ṣoṣo tí ìyá mi rí kọ́ ọ láti òkèèrè nìyẹn, ó sì kọ́ ọ yé.

Àdùkẹ́ wá ṣàìsàn. Ìwọ náà mọ bí àwọn ènìyàn wa ṣe ń ṣe irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní Màmá lẹ́jẹ̀ ríru, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún un. Wọ́n ní Àdùkẹ́ lọ ṣe course kan ní Àbújá, wọ́n ní network ò dáa níbẹ̀. Wọ́n fi pamọ́ fún èmi tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì pàápàá, wọ́n ní kí ni n ó rí ṣe láti ibi tí mo wà. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ tán ni wọ́n tó lọ gbé ìyá mi wá sí ilé ìwòsàn. Ó ju báàgì sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó tẹ̀ mọ́ ọmọ rẹ̀ lórí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè é. Ohun tí à ń ṣe nílé wa nìyẹn. Bí ènìyàn bá dákú, bí ẹ̀mí rẹ̀ bá ń lọ, a kì í dákẹ́ máa wò ó. A máa ń pè é ni, orúkọ, oríkì, ọmọ lágbájá, má lọ, padà wá, kí etí rẹ̀ lè rí ohun tó máa dì mú. Nọ́ọ̀sì kan yọjú, ó ní, "Màmá, ẹ dákẹ́, ẹ má pariwo." Ọkọ àbúrò mi, ọ̀mọ̀wé, ẹni jẹ́jẹ́, di apá rẹ̀ mú, ó fà á jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ ká gbàdúrà jẹ́jẹ́." Orí bẹ́ǹṣì níbẹ̀ ni ìyá mi jókòó sí, tó pa ẹnu mọ́ bí wọ́n ṣe ní kó pa á mọ́, nígbà tí Àdùkẹ́ kú nínú yàrá.

Mi ò ní parọ́ fún ọ. Mo mọ̀ pé ìpè ò lè wo àìsàn tó pa àbúrò mi. Àmọ́ ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ wa níbí nípa ẹni tó ṣubú lulẹ̀ ni pé ká gbá a léjìká, ká pè é pẹ̀lú ohùn rara. Wọ́n fún mi ní ìwé ẹ̀rí lé e lórí. Tí mo bá rántí pé ohun tí wọ́n fi fún mi ní ìwé ẹ̀rí ni wọ́n torí ẹ̀ fa ìyá mi síta, ó máa ń ṣe mí bíi kí n fa ìwé náà ya.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo lọ mú ìyá mi nílé fúnra mi. Mo rò pé tí mo bá ti gbé e wọ bàálù, tí mo jókòó tì í, gbogbo rẹ̀ ni mò ń gbé bọ̀. Irọ́ ni. Ara rẹ̀ ló bá mi wá. Ó ń jẹun, ó ń wẹ̀, ó ń gbàdúrà, ó sì máa ń jókòó sójú fèrèsé tó kọjú sí títì, tí á máa wo snow lórí òrùlé àwọn aládùúgbò bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Kò pe ẹnikẹ́ni ní oríkì mọ́. Èmi di "ìwọ yìí." Ọmọ mi di "ọmọ." Màá wakọ̀ láti Cochrane níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà, màá gba gbogbo ìlú kọjá nínú yìnyín, màá délé, màá kúnlẹ̀ kí i, á ní "Mm." Inú bí mi sí i, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Inú bí mi bí ọmọdé tí ìyá rẹ̀ ò tà lóhùn. Lọ́jọ́ kan mi ò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Màmá, ṣé ẹ ò mọ orúkọ mi mọ́ ni?"

Ó ní, "Mo mọ̀ ọ́n. Mi ò kàn pè é ni."

Mo lọ sí basement, mo lọ kó aṣọ tó ti gbẹ nínú ẹ̀rọ, mo sì ń ká a bí ẹni tó ń bá aṣọ jà.

Bí a ṣe wà nìyẹn tí ọmọ mi fi sáré wọlé láti ilé ìwé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí bàtà rẹ̀ da snow káàkiri pálọ̀. "Mommy, I got the wife! I got the wife!" Ìyàwó ta ni? Ìyá mi ń sùn lókè. Ọmọ náà jókòó, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ṣàlàyé. Ìtàn àtijọ́ àwọn ará Gíríìsì ni wọ́n ń kọ́ ní kíláàsì wọn, wọ́n sì fẹ́ fi ọ̀kan ṣe eré fún àwọn òbí. Ọkùnrin kan wà nínú ìtàn náà, akọrin, tó jẹ́ pé tó bá ta háàpù rẹ̀ tó sì la ẹnu, igi á tẹ̀, òkúta á sunkún. Ejò ṣán ìyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn gan-an, obìnrin náà kú. Akọrin yìí ò gbà. Ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìpò òkú láàyè, ó kọrin fún ajá olórí mẹ́ta tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ó kọrin fún ọba àwọn òkú, ọba náà sì ní kó máa mú ìyàwó rẹ̀ lọ, àmọ́ kó má bojú wẹ̀yìn títí àwọn méjèèjì á fi jáde sínú ìmọ́lẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n jáde ni ọ̀gbẹ́ni yìí bojú wẹ̀yìn. Obìnrin náà bá padà sínú òkùnkùn, ó parí.

Ọba yẹn ni mo kọ́kọ́ bínú sí. Ẹni tó bá fẹ́ fún ènìyàn ní nǹkan, kó fún un. Èwo ni ti pé máa mú un lọ àmọ́ má wò ó? Mo mọ àwọn ọ́fíìsì físà kan tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo wá gbọ́ ohun tí ọmọ mi ń sọ gangan.

"So you die?" ni mo bi í.

"Twice!" Ó na ìka méjì sókè. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń fò.

Ẹ̀ẹ̀mejì! Nílé àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sin Àdùkẹ́, tí igbe rẹ̀ ò tíì kúrò létí wa! Mo wakọ̀ lọ sí ilé ìwé lọ́jọ́ kejì. Olùkọ́ wọn jẹ́ ọmọbìnrin kékeré kan tó mọ ènìyàn í tọ́jú, ó gbọ́ mi tán, ó ní kò sóhun tó le, òun á fún ọmọ mi ní apá mìíràn, bóyá igi. Nígbà tí ọmọ mi gbọ́ pé igi lòun máa ṣe, ó sunkún láti ìrọ̀lẹ́ títí tó fi sùn, kò sì jẹun. Ọkọ mi ní, "It's just a play, jọ̀ọ́ now." Mo gbà, àmọ́ mo ní ọmọ mi ò ní wọ funfun. Kò sẹ́ni tó máa wọ̀ ọ́ láṣọ funfun kó wá tẹ́ ẹ sílẹ̀ lójú mi. Yẹ́lò ló máa wọ̀. Bóyá àwọn òkú Gíríìsì kì í wọ yẹ́lò, ìyẹn ò kàn mí.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ìyá mi dá sí i. Ó ní kí wọ́n fún òun ní aṣọ yẹ́lò náà, òun á fọwọ́ rán an. Bó ṣe ń rán an ní ọ̀sọ̀ọ̀sán ni ọmọ mi ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ń sọ ìtàn náà fún un. Ìyá mi gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ó kàn máa ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ nígbà tó bá wù ú ni. Màá wà ní kíṣìnì, màá máa fetí sí wọn.

"Ó kọrin fún wọn, wọ́n sì ní kó máa mú un lọ?"

"Yes, Grandma."

"Wọn ò ní kó dákẹ́?"

"No. Everybody listened. Even the dog."

Ìyá mi mi orí títí, ó fa òwú já. Lọ́jọ́ kejì á tún ní kí ọmọ náà tún un sọ. Mo rò pé ara rẹ̀ ti ń yá. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ọkọ mi ti pe ọmọ yìí sẹ́yìn, ó ti kìlọ̀ fún un pé kó má sọ ìparí ìtàn náà fún Grandma rárá, kó máa dúró síbi tí wọ́n ti ń gun òkè bọ̀. Nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọkọ mi kì í ṣe ènìyàn burúkú, ó kàn fẹ́ràn àlàáfíà jù ni, ìyẹn sì máa ń mú un ṣe nǹkan. Bí ìyá mi ṣe gbọ́ eré náà láti ọjọ́ kìíní dé ọjọ́ ìkẹyìn nìyẹn: ọkùnrin kan lọ, ó kọrin, wọn ò lé e, ó sì ń mú ẹni rẹ̀ bọ̀ wálé.

Ọ̀sán Friday ni wọ́n ṣe é. Ìyá mi wọ súwẹ́tà méjì sábẹ́ bùbá, ó wọ bàtà snow sábẹ́ ìró, ó sì fi ọwọ́ nu ojú àga kó tó jókòó, bó ṣe máa ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì nílé. Ọkọ mi wà lọ́tùn-ún rẹ̀, èmi wà lósì. Ẹ̀gbọ́n kan láti fellowship wa jókòó síwájú wa, engineer ni ní ilé iṣẹ́ epo, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló ń ṣe ọ̀kan nínú orí ajá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó bojú wẹ̀yìn, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ lórí àga: "Mama, ẹ káàsán Mà. You came to see our superstar!" Ìyá mi kí i padà. Ó tilẹ̀ béèrè ilé lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n pa iná. Ọba àwọn òkú jókòó sórí àga tí wọ́n fi iná Kérésì yí ká. Ajá náà, àwọn ọmọ mẹ́ta lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì kan, ń gbó lọ́nà mẹ́ta. Ọmọkùnrin tó ń ṣe akọrin gbé háàpù páálí dání, olùkọ́ wọn ń bá a tẹ dùùrù, ọmọ náà sì lóhùn, mi ò ní tàn ọ́ jẹ, ó lóhùn. Ìyá mi tẹ̀ síwájú. Nígbà tí ọba mi orí, tó ní kó máa mú un lọ, ìyá mi sọ ọ́ síta: "O ṣeun, ọmọ mi." Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn wa. Akọrin bá sọ̀kalẹ̀ lórí ìtàgé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn yí gym ká gba àárín àga, ọmọ mi ń tẹ̀ lé e nínú aṣọ yẹ́lò, pẹ̀lú ojú nílẹ̀, ó rọra ń fẹsẹ̀ wọ́. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá. Aṣọ náà kan orúnkún ìyá mi. Mo rí eyín ìyá mi nínú òkùnkùn yẹn. Mi ò rí i láti ọjọ́ tí mo ti mú un wá.

Wọ́n tún gun ìtàgé padà láti apá kejì. Ẹsẹ̀ akọrin ti wà nínú ìmọ́lẹ̀. Ó bá yí padà, ó wò ó. Àwọn ọmọ méjì tó wọ dúdú jáde látẹ̀yìn aṣọ ìkélé, wọ́n di ọmọ mi lápá, wọ́n ń fà á sẹ́yìn, òun náà ń na ọwọ́ síwájú, tó la ẹnu láìpariwo, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

"Kí ló dé?" ni ìyá mi wí. "Ibo ni wọ́n tún ń mú un lọ?"

Ó dìde. Ohùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀, èmi tí mo jẹ́ ọmọ rẹ̀, mo ti gbàgbé pé ó ní in. "Àṣàkẹ́! Àṣàkẹ́ o! Àṣàkẹ́ ọmọ Àbẹ̀ní, má bá wọn lọ! Yíjú sí mi! Àṣàkẹ́, padà wálé!"

Olùkọ́ ò tẹ dùùrù mọ́. Ibì kan nínú gym, ẹ̀rín bẹ́, ẹ̀rín mìíràn sì gbà á. Àwọn òyìnbó kan rò pé ara eré ni, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n iwájú wa ti yí padà, ó ti gbé fóònù sókè sí ojú ìyá mi, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n fún ẹ̀rín. "Mama, cool down o, na play!" Ọkọ mi sì na ọwọ́, ó di apá ìyá mi mú. Gbọ́ ohun tó sọ. Kò mọ ohun tó ń sọ, kò sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọjọ́ yẹn, àmọ́ gbọ́ ọ.

"Màmá, ẹ jókòó. Ẹ dákẹ́, ẹ má pariwo."

Mi ò mọ bí mo ṣe dé ibẹ̀. Mo kàn rí i pé mo ti gbá ọwọ́ ọkọ mi kúrò lára ìyá mi, ìró rẹ̀ sì dún nínú gym náà. "Fi í sílẹ̀!" Èmi tí mi ò sọ̀rọ̀ sókè sí i rí níwájú ènìyàn. "Má fọwọ́ kàn án! Jẹ́ kó pè é! Jẹ́ kó pè é tán!" Gbogbo ohun tí mi ò rí sọ fún nọ́ọ̀sì yẹn, fún ọkọ àbúrò mi, fún àwọn tó ní course ló wà ní Àbújá, gbogbo rẹ̀ ló dà jáde sórí ọkùnrin tí kò ṣẹ̀ mí ju pé ó fẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ má tẹ́ níta. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Wọn ò ní tí ọjà náà bá jẹ́ gym, kí àgbà jókòó. Ìyá mi ò tilẹ̀ wo apá ọ̀dọ̀ wa. Ó ń pè é lọ.

Lórí ìtàgé, ọmọ mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú aṣọ ìkélé tán. Mo rí i tí orí rẹ̀ yí. Kò ro ó, mo mọ̀ pé kò ro ó, bí èmi náà kì í ti í ro ó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó kígbe pé, "Mà!" Ó já apá rẹ̀ gbà lọ́wọ́ àwọn òkú méjèèjì, ọ̀kan ṣubú jókòó. Ó kọjá lára akọrin tó na ọwọ́ sílẹ̀ tó ń wò ó, ó fò kúrò lórí ìtàgé, ó sáré la àárín àga kọjá, ó kúnlẹ̀ síwájú ìyá mi nínú aṣọ yẹ́lò yẹn. "Mà. Mo wá, Grandma." Ìyá mi gbé e dìde, ó fọwọ́ pa á lórí, lójú, léjìká, bí ẹni tó ń wò ó bóyá ó pé.

Eré bàjẹ́. Ọmọkùnrin tó ń ṣe akọrin bú sẹ́kún lórí ìtàgé, ó ń wí pé, "But she's supposed to go back!" Olùkọ́ tan iná. Èmi wá kọjú sí ẹ̀gbọ́n tó wà níwájú wa.

"Ẹ pa fídíò yẹn rẹ́, sà."

"Ah-ah, my sister, easy now. It's just funny. Mama is a legend!"

"Kí ló pa yín lẹ́rìn-ín nínú rẹ̀, sà? Ẹ sọ fún mi kémi náà bá yín rẹ́rìn-ín. Ẹ pa á rẹ́. Ẹ pa á rẹ́ lójú mi báyìí."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó pa á rẹ́, ó fi fóònù náà hàn mí, ó sì bẹ ìyá mi. Títí dòní, tí a bá pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó máa ń kí mi bí ẹni tó ń kí ọlọ́pàá. Ó tọ́ sí i.

A wakọ̀ délé. Orí tábìlì kíṣìnì ni ọ̀rọ̀ ti jáde. Ìyá mi ò tíì bọ́ bàtà. Ó ní, "Ẹ sọ fún mi pé ó mú un jáde." Ọkọ mi wolẹ̀. Ó jẹ́wọ́, ó ní òun ni òun ní kí ọmọ má sọ ìparí rẹ̀, kí Màmá má bàa ronú. Ìyá mi wo àwa méjèèjì.

"Ẹ̀ ń fi nǹkan pamọ́ fún mi bí ẹni pé èmi ni mò ń kú lọ. Wọ́n fi pamọ́ fún mi nílé, mo dé bá a tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti tètè bẹ̀rẹ̀ sí í pè é." Kò pariwo. Ìbínú tó wà nínú ohùn yẹn ju tèmi lọ fíìfíì. "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi mọ́."

Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí táìlì kíṣìnì tí yìnyín bàtà wa ti ń yọ́ sí, ó bẹ̀bẹ̀, ó sì bẹ̀bẹ̀ dáadáa. Ìyá mi ní kó dìde, ó ní òtútù wà nílẹ̀. Ó wá yíjú sí ọmọ mi.

"Ọmọkùnrin yẹn, nígbà tó bojú wẹ̀yìn tó rí i pé wọ́n ń fà á lọ, kí ló sọ?"

Ọmọ mi ro ó. "Nothing, Grandma. He just reaches for her."

"Kò pè é?"

"No."

"Kò pè é." Ìyá mi pòṣé, òṣé gígùn kan tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí ó ti dé. "Pẹ̀lú gbogbo ohùn yẹn!"

Ìgbà yẹn ló tó bọ́ bàtà rẹ̀. Ó jókòó, ó gbé ọwọ́ lé tábìlì, ó ní, "Àdùkẹ́." Ó tún ní, "Àdùkẹ́, ọmọ mi." Ó sunkún, a sì jọ sun ún, ẹnikẹ́ni nínú wa ò ní kó dákẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì, mo gbọ́ ìró ìkòkò ní kíṣìnì, mo gbọ́ ohùn kan tó ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀: "Àbẹ̀ní! Àbẹ̀ní o!" Mo ti ní "Mà!" kí n tó lajú.

Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé ìtàn akọrin yẹn ń kọ́ wa ká má bojú wẹ̀yìn. Olùkọ́ ọmọ mi sọ bẹ́ẹ̀, pásítọ̀ wa náà fi í wàásù lọ́jọ́ kan fún àwa tí a kúrò nílé, mo sì jókòó níbẹ̀ tí mò ń ṣe bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú báàgì. Mi ò gbà. Ó bojú wẹ̀yìn, ó dáa bẹ́ẹ̀, ta ni kò ní bojú wo ẹni rẹ̀? Inú ń bí mi sí i nítorí pé ó sọ̀kalẹ̀ dé ibẹ̀, ó fi ohùn rẹ̀ bẹ ajá, ó fi bẹ ọba, nígbà tó wá kan ìyàwó rẹ̀, ó dákẹ́. Mi ò sọ pé obìnrin náà ì bá padà. Bóyá kò ní padà. Ì bá kàn gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu ẹni tó fẹ́ ẹ ni, kó tó wọlé lọ.

Ìyá mi ti padà sí Abẹ́òkúta, orí fóònù ló ti ń jí wa báyìí. Èmi ṣì ń lọ sí Cochrane. Lọ́dún tó kọjá, ìyá àgbàlagbà kan, ará Vietnam, wà nídìí bẹ́ẹ̀dì ọkọ rẹ̀ nínú yàrá kan níbẹ̀, ẹ̀mí ọkọ náà ń lọ. Obìnrin yìí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ kan náà léraléra, sókè gan-an. Mi ò gbọ́ èdè rẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń pe ènìyàn. Nọ́ọ̀sì kékeré kan tí a jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ sáré bọ̀, ó fẹ́ wọlé lọ bẹ̀ ẹ́ kó rọra, nítorí àwọn yàrá yòókù. Mo na apá ọ̀tún mi dí ẹnu ọ̀nà. Mo ní, "Let her call him." Ó wo ojú mi, ó padà.

Ọkùnrin náà ò jí. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn títí ìyàwó rẹ̀ fi pè é tán.